Ọ̀gá Pátákó àti Lẹ́tà Ọ̀rọ̀bọ̀

Bí ẹ bá dé Ọ̀fà, tí ẹ sì béèrè Ọ̀gbẹ́ni Jacob Ayọ̀dàmọ́lá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa wo yín ṣáá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ọ̀gá Pátákó ni ẹ ń wá, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bi yóò rẹ́rìn-ín ná kí ó tó nawọ́ sí ọ̀nà fún yín. Ẹ̀rín yẹn ni ìtàn yìí. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fẹ́ gbọ́ bí ọ̀gá ṣe já bọ́ lórí àga. Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀, èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí náà sì wà nínú yín.

Ọ̀gbẹ́ni Jacob ni olórí Àjọ Pátákó àti Ẹwà Ìlú, àjọ kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa fọwọ́ sí pátákó tí àwọn ènìyàn bá fẹ́ gbé kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, kí ó sì máa gbé àwọn tí ìjì bá wó dìde. Yàrá mélòó kan ni wọ́n ní lẹ́yìn rélùwéè, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́ ju bó ti ń tan iná lọ, àti òṣìṣẹ́ tí bọ́ọ̀sì kan lè kó tán. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀gbẹ́ni Jacob bá ń wọlé láàárọ̀, ẹ óò rò pé olórí orílẹ̀-èdè kan ló dé. Ó ti pàṣẹ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ tò sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n máa kí òun lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá kẹ́yìn sì fi ọ̀rọ̀ ìwúrí kún un. Alhaja Safiyat, igbákejì rẹ̀, ló máa ń kẹ́yìn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ti wà nínú àjọ náà kí Ọ̀gbẹ́ni Jacob tó dé, ọ̀rọ̀ ìwúrí kan náà ló sì ń sọ lójoojúmọ́: “Ẹ káàárọ̀ sà. Ìlú ń dára sí i.” Ọ̀gbẹ́ni Jacob á mi orí, á ní òun náà ti ṣàkíyèsí rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ọkùnrin yìí lọ́kàn. Adelé ni. Nígbà tí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí Ọ̀gbẹ́ni Jacob bá wọn di àga náà mú ná, títí Alága àjọ, Olóyè Ṣẹ́gunfúnmi, yóò fi yan ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ gan-an. “Adelé Ọ̀gá Àgbà” ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí ni ọ̀gá wa ṣe? Ó gbé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ sórí “Adelé” náà, tó fi jẹ́ pé “Ọ̀gá Àgbà” nìkan ni àlejò ń rí. Bí ọdún bá yí, òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ kàlẹ́ńdà náà, kò jẹ́ kí ìránṣẹ́ bá òun fọwọ́ kàn án. Gbogbo ohun tí ẹ óò gbọ́ pé ó ṣe láti ìsinsìnyí lọ, nítorí kí ó lè bọ́ nínú wàhálà kàlẹ́ńdà yìí ni.

Olúfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní iwájú ilé wọn. Nígbà tí pátákó ilé-ẹ̀kọ́ náà gbó, ó gbé iṣẹ́ náà fún Dúpẹ́olúwa, ọkùnrin kan tó ń tẹ bánà àti pósítà ní ọ̀nà Pólì. Dúpẹ́olúwa fi irú lẹ́tà kan kọ ọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Jacob kò rí rí. Lẹ́tà tó sanra ni. Kò ní igun, kò ní ṣóńṣó níbì kankan. Gbogbo apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rí rogodo bíi pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú nínú epo gbígbóná, ihò inú rẹ̀ sì kéré débi pé ìka ọmọdé nìkan ló lè gbà á. Dúpẹ́olúwa ní ó ní orúkọ òyìnbó kan lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọ̀rọ̀bọ̀ ni òun ń pè é ní tòun.

Láàárọ̀, bí Ọ̀gbẹ́ni Jacob bá ń mu tíì lójú fèrèsé, á máa wo àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí èyí tó ń kọjá lára pátákó náà láìdúró. Wọ́n á fọwọ́ pa á lára, wọ́n á ki ìka bọ ihò lẹ́tà, òmíràn á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í. Inú bí Ọ̀gbẹ́ni Jacob. Láti ìgbà tí ó ti di ọ̀gá, kò sí ọmọ Ádámù kan tó dúró níwájú pátákó ọ́fíìsì tirẹ̀, àfi ẹni tó fẹ́ tún okùn bàtà rẹ̀ so. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé lẹ́tà náà ti tóbi ju ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi lọ, pé ipò gíga ló yẹ ẹ́. Olúfúnkẹ́, tó ń di irun ọmọ kan lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

“Daddy Dámilọ́lá, lẹ́tà ọmọdé ni,” ló wí. “Ohun tí èèyàn bá ń fẹ́ fọwọ́ kàn ló wà fún. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà.”

Ọ̀gá wa kò gbọ́. Ó gba ọ̀dọ̀ Dúpẹ́olúwa lọ lọ́jọ́ náà, ó ní kí ó fi lẹ́tà náà kọ orúkọ òun kí òun wò ó. “Jacob” yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó kún fọ́fọ́, ó ń dán. Ọ̀gbẹ́ni Jacob wò ó, ó wo ikùn ara rẹ̀, ó tún wò ó. Dúpẹ́olúwa, tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oníbàárà, ní kí ọ̀gá má bínú, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà jọ wọ́n, ó jọ ẹni tí ara tù. Ọ̀rọ̀ kan yìí ló kó bá ìlú. Ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún ní ìjọba ṣe ìwádìí jinlẹ̀ kí wọ́n tó gbé ètò kan jáde.

Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó wọ agbádá tó fi ṣe ìdúpẹ́ ọdún àádọ́ta rẹ̀, ó sì dúró lórí àpótí kan tí wọ́n fi aṣọ tábìlì bò.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ló bẹ̀rẹ̀, “kí ló dé tí ìlú wa ò fi tẹ̀ síwájú bó ṣe yẹ? Lẹ́tà wa ló rù. Ẹ wò ó láti rélùwéè títí dé ọjà. Lẹ́tà tínínrín, lẹ́tà tó dà bí ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Àlejò tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ohun àkọ́kọ́ tó ń kà ní ìlú wa ni ebi. Ó tó gẹ́ẹ́. Lábẹ́ àkóso mi, Ọ̀fà máa sanra.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àṣẹ àjọ náà ni pé kí wọ́n má dáwọ́ dúró àfi bí ọ̀gá bá gbé ọwọ́ sókè. Lọ́jọ́ yìí, ọ̀gá ń mu omi, ó gbàgbé ọwọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí omi fi tán nínú ìgò, tí ẹ̀gbà ọwọ́ Alhaja Safiyat fi já. Ọ̀gbẹ́ni Jacob sọ fún ìyàwó rẹ̀ nílé pé òun kò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun tó báyẹn.

Báyìí ni ọ̀rọ̀bọ̀ ṣe wọ ìgboro. Ká má parọ́ mọ́ lẹ́tà náà, ó ṣe dáadáa ní ibi tó yẹ ẹ́. Wọ́n fi tipátipá gbé e kọ́ sí iwájú búkà Àríkẹ́ tó ń dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, èrò ti ń tò níbẹ̀ débi pé Àríkẹ́ ní láti ra agbada kejì. Ó ṣe dáadáa níbi tí wọ́n ti ń ta yìnyín dídùn. Ó tilẹ̀ ṣe dáadáa níbi tí wọ́n ti ń fún ọmọ jòjòló lábẹ́rẹ́, nítorí àwọn ọmọ náà á rẹ́rìn-ín wọlé, ẹkún ẹ̀yìn ìgbà náà kò kan pátákó. Bí lẹ́tà náà bá ti bá ohun dídùn tàbí ọmọ kékeré pàdé, iṣẹ́ ribiribi ló ń ṣe.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Jacob kò mọ ibi tí dídùn parí sí. Ó fi ọ̀rọ̀bọ̀ kọ “Dúró, Ọkọ̀ Ojú Irin Ń Bọ̀” síbi tí títì gbé dábùú rélùwéè. Àwọn ọlọ́kadà dúró lóòótọ́, àárín irin gan-an ni wọ́n dúró sí, kí èrò ẹ̀yìn wọn lè ya fọ́tò pẹ̀lú pátákó náà. Ó fi kọ “Ewu” sára ọgbà tí wọ́n fi yí ẹ̀rọ iná mànàmáná ká, ìyá kan sì lọ sá aṣọ ọmọ rẹ̀ sórí ọgbà náà, ó ní òun rò pé ilé-ẹ̀kọ́ tuntun ni. Ó fi kọ pátákó itẹ́ òkú, ó sì fi ọ̀dà pupa-ẹyin kùn ún. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìyàwó rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n bú sẹ́kún nítorí pé tíṣà wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọlé lọ ṣeré. Ibì kan ṣoṣo tí kò ri pátákó mọ́ ni ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé, nítorí bí ìgbéraga rẹ̀ ṣe tó, ó mọ̀ pé ní ìhà ibẹ̀, tí ìlú méjèèjì ti ń du ààlà ilẹ̀, èèyàn kì í déédéé gbẹ́ kòtò láìjẹ́ pé ó fẹ́ ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Alhaja Safiyat rọra tọ̀ ọ́ lọ nípa ti rélùwéè. Ọ̀gbẹ́ni Jacob bi í bóyá ọkọ̀ ojú irin ti gbá ẹnì kankan. Ó ní rárá. Ọ̀gá ní ẹ̀rí nìyẹn pé pátákó náà ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí ìyá Alága kú. Màmá Susannah ni orúkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Àwọn tó kọ́ ní ABD fọ́n káàkiri láti Ọ̀fà dé Ìlọrin, àwọn mìíràn nínú wọn ti ní ọmọ-ọmọ. Ẹ wá mọ̀ bí tiwa ṣe rí. Bí ọ̀dọ́ bá kú, a ó sunkún. Bí arúgbó tó ti jẹ ayé pẹ́ bá lọ, a ó dúpẹ́, a ó lẹ pósítà rẹ̀ mọ́ ògiri pẹ̀lú fọ́tò tó ti ń rẹ́rìn-ín, a ó kọ iye ọdún rẹ̀ gàdàgbà, a ó ní kí wọ́n wá bá wa yọ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pósítà ọjọ́ ìbí arúgbó náà, fọ́tò ẹlẹ́rìn-ín ló ń ní, pẹ̀lú iye ọdún gàdàgbà, kí wọ́n wá bá wa yọ̀. Ohun tó pààlà sáàárín méjèèjì kò pọ̀: ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tó ń sọ pé wọ́n ti lọ, àti bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe fara balẹ̀ tó.

Ọ̀gbẹ́ni Jacob sáré dé ilé Alága kí àwọn ẹbí tó ti òkè òkun dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ìyá gbogbo ìlú ló lọ, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé gbogbo pósítà àti bánà ìsìnkú náà lérí. Olóyè Ṣẹ́gunfúnmi, tí ojú rẹ̀ ti wú, ní kí ó ṣe ohun tó bá yẹ màmá. Ọ̀gá wa jáde, ó ń yan. Lójú tirẹ̀, kàlẹ́ńdà ti kúrò lára ilẹ̀kùn.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Dúpẹ́olúwa. Ìwé tí ẹbí kọ wá gùn díẹ̀, bí ti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì: pẹ̀lú ọpẹ́ sí Ọlọ́run ni a fi kéde ìpapòdà ìyá wa, ìyá àgbà wa, tíṣà wa. Dúpẹ́olúwa fi ọ̀rọ̀bọ̀ kọ ọ́, ó kún pósítà, ó ṣàn kọjá etí rẹ̀.

“Sà, ọ̀rọ̀ ò gbà á,” ló wí. “Ẹ jẹ́ ká dín lẹ́tà kù díẹ̀.”

“Dín ọ̀rọ̀ kù,” ni Ọ̀gbẹ́ni Jacob wí.

Wọ́n yọ ọpẹ́. Kò gbà á. Wọ́n yọ ìyá àgbà àti tíṣà. Kò gbà á. Wọ́n yọ ìpapòdà, nítorí ó gùn, lẹ́tà rẹ̀ sì fẹ̀ níkùn. “Ìsìnkú” nìkan ló kù lápá ìsàlẹ̀, òun náà sì ń ti ọjọ́ àti orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Ọ̀gbẹ́ni Jacob béèrè pé ta ni kò mọ̀ pé màmá ti kú, ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Ohun tó ṣẹ́kù ni “Màmá Susannah”, “Ọdún Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún”, “Ẹ Wá Bá Wa Yọ̀”, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n máa pàdé. Fọ́tò tí wọ́n fi sí i, ibi ọjọ́ ìbí àádọ́rùn-ún ọdún màmá ni wọ́n ti yà á. Dúpẹ́olúwa gé kéèkì kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò ṣeé gé láìgé ọwọ́ màmá, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ó gbé ọ̀kan wálé láti fi yangàn. Olúfúnkẹ́ gbé e jìnnà sí ojú, ó wò ó pẹ́.

“Ẹni tó bá wà lórí ọ̀kadà, tó ń sáré kọjá, kí ló máa rí?” ló béèrè.

“Á rí ayọ̀.”

“Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn.”

Ó ní ìyàwó òun kò mọ̀ nípa ìpolówó. Alhaja Safiyat wo tirẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, kí ẹnikẹ́ni tó ronú pósítà, àwọn á ti sin ẹni wọn, àwọn á ti dé láti itẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Jacob ṣàánú rẹ̀. Wọ́n lẹ pósítà náà káàkiri Ọ̀fà, wọ́n lẹ ẹ́ dé garéèjì Ìjàgbò, àwọn ènìyàn sì ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí Wásáàpù.

Ọjọ́ ìsìnkú pé. Ọ̀gbẹ́ni Jacob wọ funfun láti òkè délẹ̀, ó dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ bánà tó tóbi jù, kí ẹni tó bá ń wọlé lè rí òun àti iṣẹ́ òun pọ̀. Ó ti há ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kan sórí, tí Alága bá pè é síwájú. Bọ́ọ̀sì kan ti Ìlọrin dé. Àwọn tó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ti lé lọ́gọ́ta ọdún, aṣọ aláwọ̀ òféèfèé ni wọ́n wọ̀, wọ́n di bálúùnù mọ́ ọwọ́, ọkùnrin méjì sì gbé kéèkì kan láàárín bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wọ́n kọ “Kí Ẹ Pẹ́ Fún Wa, Tíṣà” sórí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jacob rò pé ẹbí ló pè wọ́n fún ìdárayá. Ó kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó tilẹ̀ bá wọn tún okùn bálúùnù kan so.

Wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọjọ́ ìbí. Àárín orin náà ni ọkọ̀ tó gbé pósí yà wọlé.

Orin náà kò dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn kan kọ́kọ́ yọ, òmíràn tẹ̀ lé e, títí ó fi ku bàbá kan tí etí rẹ̀ ti di díẹ̀, tó gbójú sókè tó ń kọ ọ́ lọ pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ di ẹnu rẹ̀ mú. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé kéèkì gbé e sílẹ̀ sórí ilẹ̀, ó sì ṣí fìlà. Àwọn ẹbí ń wò láti inú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, ọ̀gá wa ì bá rí nǹkan sọ. Ó ti ń to àlàyé kan jọ nínú, pé ìsìnkú arúgbó, ayọ̀ náà kọ́? Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ìyá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀, ó di nǹkan kan sínú ìwé aláwọ̀ ewé, ó gbá a mọ́ àyà. Màmá Ọmọ́ládé ni, láti Ìjàgbò. Òun àti Màmá Susannah jọ ṣe tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Ara rẹ̀ kò yá láti bíi oṣù kan, kò jáde, kò sì gbọ́ nǹkan kan, àfi ìgbà tí ó lọ sí garéèjì tó rí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ rẹ̀ lára ògiri.

“Ọmọ mi,” ló sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Jacob, nítorí òun ló dúró bí onílé, “níbo ni Susannah wà? Mo fẹ́ fún un kí èrò tó pọ̀.”

Ọ̀gbẹ́ni Jacob la ẹnu. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnu yìí kì í gbófo. Ó ti fi ọ̀rọ̀ bàǹtàbanta ṣí pátákó ṣọ́ọ̀bù ọlọ́ṣẹ rí. Lọ́jọ́ yìí, àga ló ń fi ojú wá kiri.

“Màmá, ẹ jókòó ná,” ló wí nígbẹ̀yìn.

“N ò fẹ́ jókòó. Orí ìjókòó ni mo wà láti Ìjàgbò.”

Ìgbà náà ni ó rí ọkọ̀ náà, ó rí òdòdó tó wà lórí rẹ̀. Ó yíjú sí bánà. Ó kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí tíṣà ṣe ń ka iṣẹ́ ọmọ tó fẹ́ fìyà jẹ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ ṣì í jẹ. Ó kà á tán, ó tún padà sí òkè.

“Ẹ ní ká wá bá yín yọ̀,” ló wí.

“Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ti sùn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan.”

“Ta ló kọ èyí?”

Dúpẹ́olúwa wà nítòsí, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jacob rí i. Ọjọ́ mìíràn, kò ní dúró rò ó kí ó tó nawọ́ sí i.

“Èmi ni, mà,” ló wí.

Ìyá náà kò pariwo. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́nu géètì pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí itan, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ì bá ti wá kí i nígbà tí ó wà láyé, òun ì bá ti wá. Olóyè Ṣẹ́gunfúnmi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó pè é ní Àǹtí Ọmọ́ládé bí ó ṣe ń pè é nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ó gbé e dìde fúnra rẹ̀, ó sì mú un lọ sí àga ẹbí níwájú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Jacob kọjá, kò wò ó. Ojú ti Ọ̀gbẹ́ni Jacob débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, ṣùgbọ́n bí ó ṣe fẹ̀ tó, lábẹ́ bánà tó fẹ̀ tó báyẹn, kò sí ibi tí ó lè sá sí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Alága wá sí ọ́fíìsì. Àwọn òṣìṣẹ́ tò, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí àwọn fẹ́ kí. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn Ọ̀gbẹ́ni Jacob. Ó fi ìka kan ká kàlẹ́ńdà sókè, ó ka “Adelé”, ó sì rọra dá kàlẹ́ńdà padà sáyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé.

“Jacob,” ló wí, “màmá kọ́ mi pé kí n máa ka nǹkan tán kí n tó fọwọ́ sí i. N ò ka pósítà yẹn. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n o ò ní jókòó síbí mọ́.”

Wọ́n fi Alhaja Safiyat sórí àga, wọ́n sì ní kí Ọ̀gbẹ́ni Jacob lọ máa bójú tó ilé ìkẹ́rùsí lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ń kó pátákó tí wọ́n bá yọ sí. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yọ, ẹ ti mọ̀ wọ́n. Kẹ̀kẹ́ ń kó wọn bọ̀ ní ìdì-ìdì: ti rélùwéè, ti iná mànàmáná, ti itẹ́ òkú. Òun ló ń gbà wọ́n wọlé, òun ló ń tò wọ́n. Kò pẹ́, àwọn lẹ́tà náà yí i ká láti ilẹ̀ dé àjà, gbogbo wọn sanra, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín láàárín wọn.

Alhaja Safiyat pa títò àárọ̀ rẹ́. Dípò ìyẹn, ó rìn dé ilé ìkẹ́rùsí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. “Ẹ káàárọ̀ sà,” ló wí. Nítorí pé ó ti mọ́ ọn lẹ́nu, ó fi kún un: “Ìlú ń dára sí i.” Àwọn méjèèjì wo pátákó tó kún ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé Ọ̀gbẹ́ni Jacob ní láti jókòó lórí “Ewu”.

Ẹ̀rín yẹn ló la ojú rẹ̀. Nígbà tí Olúfúnkẹ́ wá béèrè bóyá òun lè rí pátákó tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, kò sọ̀rọ̀ ipò gíga. Ó yá ayùn, ó gé àwọn lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi sáńpépà tí káfíńtà fi ń dán igi ha etí wọn kí ó má baà gún ọmọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi gbé wọn mọ́ra, wọ́n jókòó lé wọn, wọ́n gbé O kọ́rùn. Olúfúnkẹ́ kò sọ pé òun ti wí i. Ó kàn fi tíì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí ó má gbàgbé E.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Jacob ra pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù lọ́wọ́ Àríkẹ́, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìjàgbò. Màmá Ọmọ́ládé jẹ́ kí ó dọ̀bálẹ̀ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ó tó ní kí ó dìde. Ó gbé ẹrù inú ìwé aláwọ̀ ewé jáde. Súwẹ́tà ni, ọwọ́ rẹ̀ ló fi hun ún, fún ọyẹ́.

“Gbé e wọ̀,” ló wí.

Ọ̀gbẹ́ni Jacob ní òun kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìyá náà ní ta ló ń sọ ẹ̀tọ́, pé òun fẹ́ rí i lára èèyàn ni. Ó gbé e wọ̀. Ó bá a mu rẹ́gí.

“Susannah náà sanra,” ni Màmá Ọmọ́ládé wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó nù ún. “Bí tèmi bá dé, ìwọ ni kí o kọ ọ́. Má fi nǹkan kan gé ọ̀rọ̀ kúrò níbẹ̀. Kọ pé mo ti lọ, kí ẹni tó fẹ́ràn mi lè mọ̀ kó tó kúrò nílé.”

Ó ṣèlérí. Ó ń wọ súwẹ́tà náà títí di òní, kódà nínú oòrùn. Bí ẹ bá dé ilé ìkẹ́rùsí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ìtàn yìí fún yín, yóò sì sọ ọ́ dára jù mí lọ, nítorí òun ló mọ ibi tó ti dùn ún. Bí ó bá dé ibi tí wọ́n ti yọ “ìsìnkú”, á fọwọ́ lu ikùn ara rẹ̀.

“Èmi gan-an ni lẹ́tà ọ̀rọ̀bọ̀,” ni yóò wí. “Ibi tí mo bá ti dúró, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í ráyè.”

Nígbà tí ẹ bá ń jáde, ẹ wo ara ilẹ̀kùn. Ẹ ní láti sún mọ́ ọn kí ẹ tó lè kà á, nítorí ṣọ́ọ̀kì ló fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ kò sì ju ti ọmọ ilé-ìwé lọ: “Jacob, Adelé Olùtọ́jú Ẹrù.” Kò fi kàlẹ́ńdà bò ó.